Ìwé Ìfẹ́ Ogún Pẹ́nì, àti Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Yín

Ẹ kú ilé o, Màmá mi ní Akanran. Ẹ kú oko, ẹ kú èéfín gàrí, ẹ kú ọ̀dá òjò tí ẹ ní kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà, nínú yàrá tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí gbogbo ọkọ mi nílé, lọ́mọdé lágbà. Mo kí Fìtílà-ò-kú, àbúrò ọkọ mi tó ń bá yín gbé. Mo kí Ajíṣefínní, àbíkẹ́yìn yín. Mo kí olówó orí mi, bí ó bá ráyè gbọ́.

Inú fóònù yín nìkan kọ́ ni lẹ́tà yìí wá, Màmá. Mo gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti lè kà á, lábẹ́ ìwé ìfẹ́ kan tí wọ́n ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa òǹkàwé láti sọ tẹnu wa. Ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bi yín ní ìbéèrè kan ní kọ̀rọ̀, pé ṣé ìyàwó ilé yín ṣì ni mí. Ẹ kò dá mi lóhùn títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, tí ẹ wá fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ń fowó ra ìwé ìfẹ́, ìwé tí kò ṣe é dì mú lọ́wọ́, tí èèyàn ò tilẹ̀ lè fi pọ́n ẹ̀pà lẹ́yìn tó bá kà á tán. Ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń tú ilé ká. Ẹ ní kí n sọ èrè tó wà níbẹ̀ fún yín. Ó dáa, Màmá. Olùkọ́ ni yín, ọdún márùndínlógójì lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò ọ̀hún lójú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ bí mo ṣe ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ tí èèyàn lè yáná sí títí oòrùn á fi yọ. Inú egungun ló ń wọ̀, òjò rẹ̀ sì ń rọ̀ wínníwínní láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn. Mo ń wẹ àwọn arúgbó, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má bàa bó. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gé e kù sí Mo, wọ́n ní ìyókù gùn jù. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń dá jẹun, tí mo ń gbé fóònù síwájú abọ́. Bí mo bá pe olówó orí mi, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun wà lóko. Ìwé nìkan ni mo lè ṣí nígbàkígbà tí kò ní sọ fún mi pé òun wà lóko.

Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ni mo ń ra ìwé ìfẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ mọ̀ pé ó ti mọ́ mi lára láti máa fún èèyàn lórúkọ tèmi, torí náà orúkọ tèmi ni mo fún wọn.

Èkíní ni Aláràn-án. Pọ́n-ùn márùn-ún ó dín pẹ́nì kan ni ìwé rẹ̀ kan. Ìwé náà mọ́ lójú, kò sí àṣìkọ, wọ́n á sì parí ìtàn fún ọ. Ọmọ ọba àti dókítà ni gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀, kò sí èyí tó ń lọ sóko. Nínú ìwé mọ́kànlá tí mo rà lọ́wọ́ wọn, ìyá ọkọ kan ṣoṣo ni mo bá pàdé, ó sì ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iye rẹ̀, mo ní olè ni wọ́n. Nígbà tó yá, ó yé mi pé àlàáfíà ni wọ́n ń tà, ọ̀wọ́n lọjà ẹ̀.

Ìkejì ni Olókìtì. Ìwé mẹ́wàá ní pọ́n-ùn kan péré. Ẹ rántí tòmátì ọjà Ṣáṣá, Màmá. Èyí tí wọ́n tò sókè òkìtì pọ́n, ó ń dán, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti bẹ́, omi ti ń jáde lára rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ á dùn. Ìkejì á jọ àkọ́kọ́. Nígbà tí èèyàn bá fi máa dé ìkẹrin, á rí i pé orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí orúkọ ìyàwó yí padà láàárín ìwé, tí ọkọ ò sì fura. Mo rẹ́rìn-ín títí nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, mo ní ọkọ wo ni kò ní mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ìyàwó òun.

Ìkẹta ni Onídíẹ̀díẹ̀. Òun kì í ta odindi ìwé. Á fún ọ ní orí márùn-ún àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ẹlẹ́pà bá ní kí o tọ́ ọ wò. Láti orí kẹfà lọ, ogún pẹ́nì ni orí kan, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti gbóná ni orí máa ń parí sí. Ogún pẹ́nì ò jọ owó. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ní ọgọ́ta orí ti di pọ́n-ùn mọ́kànlá, ó ti ju ìlọ́po méjì iye Aláràn-án lọ. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin olùkọ́, mi ò ṣì í. Èyí tó jọ pé ó rọ̀ jù ló wọ́n jù. Ohun tó jẹ́ kí n máa rà á náà ni pé àwọn ọmọ wa nílé ló ń kọ ọ́. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ Onídíẹ̀díẹ̀ ni mo ti rí ìwé tí mo ń kọ lẹ́tà yìí sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé àpótí dúró létí ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n yà síwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń sin ẹja ní ìlú kan létí òkun. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí Kánádà, ó sì le ju òkúta lọ níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá tọrọ owó oògùn ojú fún ìyá rẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè ìwé tí dókítà kọ. Bí ó bá ní àárò rẹ̀ ń sọ òun, á ní kó má fi àárò fa ọ̀rọ̀ gùn lórí fóònù, òun ti fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Mo kórìíra obìnrin yìí, Màmá. Mo ń ka ìwé náà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀. Mo sunkún nítorí ọkùnrin yẹn.

Ọkùnrin náà wá pàdé télọ̀ kan, onísùúrù, tó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ràn télọ̀ náà débi pé mo lo orúkọ ayédèrú, mo kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìwé náà pé kí ọkùnrin yìí yáa tètè fẹ́ ẹni tó mọyì rẹ̀, kí ó fi ahun obìnrin yẹn sílẹ̀ sínú yìnyín. Àwọn òǹkàwé ẹgbẹ́ mi gbè mí lẹ́sẹ̀. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá mi lóhùn, ó dúpẹ́, ó ní òun ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Arúgbó kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá wò. Bí mo bá ń fún un lóúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń sọ ibi tí mo kà dé fún un. Nígbà tí mo dé orí ogún, ó ní kí n gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin yẹn ti gbé télọ̀ náà níyàwó tipẹ́, òǹkọ̀wé kàn ń fi falẹ̀ kí ó lè máa gba owó ni. Mo ní rárá o, ọkùnrin náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ò ní gbà fún un, nítorí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n bá òun nu ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí tí ẹ kò mọ àṣà wa, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó máa bá mi lọ. Ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò wo oníkálukú, yóò fún un ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ ìyàwó. Ẹni tó bá ń pè wọ́n ní orúkọ tí òbí sọ wọ́n, àlejò ni, tàbí ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀. Màmá, ẹ̀yin lẹ fi èyí kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọlé yín, mo gbàgbé, mo pe àbúrò ọkọ mi ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ọmọ ọdún mọ́kànlá níwájú gbogbo agboolé, mo sì kúnlẹ̀. Mo wá wo ọmọ náà dáadáa, mo rí i pé títí epo inú àtùpà á fi gbẹ ló máa ń kàwé. Mo sọ ọ́ ní Fìtílà-ò-kú. Ẹ̀yin fúnra yín pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni mo ka orí kọkànlélógójì, nígbà ìsinmi mi, nínú yàrá tí mo ti ń kọ̀wé yìí gan-an. Wọ́n ti ṣe ìdána télọ̀ náà. Wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ìyá ọkọ gbà á mọ́ra. Ó wá ń wo àwọn ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n lórúkọ. Nígbà tó kan àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ náà ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun ti ní orúkọ, kí ó máa pe òun ní Fìtílà-ò-kú. Télọ̀ náà ní ó dùn ún pè.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ajíṣefínní wà ní gbogbo agboolé, ìyẹn ò lè yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Fìtílà-ò-kú, èmi ni mo hun ún, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Ọmọ náà ló ń kọ ìwé yìí: ó sọ Akanran di etí òkun, ó sọ ẹ̀gẹ́ di ẹja, ó sọ England di Kánádà, ó yí orúkọ àbísọ gbogbo èèyàn padà. Ó gbàgbé pé orúkọ tí ìyàwó sọ òun náà, orúkọ ni. Ó ti jẹ́ ẹ pẹ́ títí ó fi rò pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn.

Mo padà sí orí kìíní, mo tún gbogbo rẹ̀ kà, nítorí èyí tí èèyàn bá ti san, wọn kì í gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ojú tó ń dun ìyá inú ìwé, ojú yín ni. Ìwé dókítà, èmi ni mo béèrè rẹ̀, torí owó oògùn àkọ́kọ́ ti di táyà ọ̀kadà. Àárò tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn lórí fóònù, èmi ni mo sọ ọ́, ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́, mo ń sáré bá bọ́ọ̀sì lọ. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń dún nílé. Obìnrin tí mo ti ń ṣépè fún láti oṣù mẹ́rin, èmi ni. Ẹni tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ sínú yìnyín, èmi ni. Ojú tì mí, Màmá, ó sì dùn mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo pe Fìtílà-ò-kú. Mi ò kí i. Mo bi í bóyá télọ̀ ni ìyàwó tuntun náà lóòótọ́. Ó ní rárá, onídìrí ni, òun yí ìyẹn náà padà. Ó wá béèrè ẹni tó sọ fún mi. Mo ní òun ni, ogún pẹ́nì ni mo san. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun fẹ́ sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́, òun sì ń kọ ọ́ kó má bàa pa òun sínú. Ó ní ẹ ní kí gbogbo ilé panu mọ́ títí ìwé ìwọ̀lú olówó orí mi yóò fi jáde, kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kó tó ránṣẹ́ sí onídìrí. Fóònù tó fi kọ ìwé náà, èmi ni mo rà á. Dátà tó fi ń gbé e síta, èmi ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó ní ọmọ lẹ ń wá. Ó ní ẹ ní ọdún kẹsàn-án rèé, inú mi ò yọ. Mẹ́rin nínú ọdún náà ni mo ti lò níbí, Màmá. Ọmọ wo ni kí n bí láti inú fóònù? Ẹ̀yin ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ mọ̀ pé ìjọ ò ní so ìyàwó kejì pọ̀, ẹ wá ṣe ìdána ní kọ̀rọ̀. Owó ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ lẹ fi ra oyin àti iyọ̀ àti àpótí aṣọ. Mo bi yín nígbà yẹn bóyá ẹ̀rọ náà ń lọ̀ dáadáa. Ẹ ní ó ń lọ̀ kúnná.

Ẹ wá béèrè èrè tó wà nínú ìwé ìfẹ́. Èsì rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, kó ra ti Aláràn-án, kó fara mọ́ iye rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó ra ti Olókìtì, kó má dé ìsàlẹ̀. Onídíẹ̀díẹ̀ ló wọ́n jù, òun náà ló níye lórí jù. Láti orí kẹfà dé orí kọkànlélógójì, pọ́n-ùn méje àti ogún pẹ́nì ni mo san, mo sì mọ ohun tí odindi ilé yín fi pamọ́ fún mi. Owó tí mo ti fi ránṣẹ́ sí yín láti ọdún mẹ́rin pọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì fi òtítọ́ tó tó ogún pẹ́nì san án padà fún mi. Ìtàn àròsọ nìkan ni kò parọ́ fún mi. Mo fún ìwé náà ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Àwọn òǹkàwé ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó Kánádà, torí orí tó gbẹ̀yìn ò tíì jáde. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti kó ìwé ọkọ rẹ̀ wọlé ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé ìwọ̀lú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kí ọkọ náà lè wá bá a. Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tó gba ẹni méjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà yọ kúrò. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ta bẹ́ẹ̀dì náà. Kò tíì máa sùn dáadáa, ṣùgbọ́n àyè ti wà nínú yàrá rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé náà tán. Ẹ bá mi kí Bùkọ́lá, kó tẹra mọ́ ìwé kíkọ, ó mọ̀ ọ́n kọ, kó sì wá ẹlòmíràn tí yóò máa ra dátà fún un. Ẹ bá mi kí Gbóyèga, àbíkẹ́yìn yín, kó mójú tó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí Adélékè, kó tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún yín ní ọmọ tí ẹ ń wá. Mi ò fi ṣépè, èpè tí mo ní, mo ti ṣẹ́ ẹ tán fún ara mi nínú bọ́ọ̀sì. Kí òjò rọ̀ sí ẹ̀gẹ́ yín. Kí ojú yín ríran kedere, Màmá Adélékè, kí ẹ lè ka èyí fúnra yín láìjẹ́ pé Bùkọ́lá kà á fún yín.

Èmi ni, ọmọ yín títí di àná, ọmọ ọlọ́mọ láti òní lọ,

Mojísọ́lá.